Rọ́bà Tó Ṣìnà Nínú Iṣan

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kí n sì sọ ọ́ ní èdè tí ìyá tó bí mi ìbá gbọ́. Iṣẹ́ àwòrán inú ara ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá mìíràn.

Ó ti pẹ́. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ti rọ́bà gígùn kan bọ iṣan apá ọ̀tún Màmá kan kí wọ́n lè máa gba ibẹ̀ fún un ní oògùn jẹjẹrẹ. Ní gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá fi omi iyọ̀ fọ rọ́bà náà, Màmá á ní, “Omi ń ró létí mi, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń rọ omi sínú kèrègbè.” Wọ́n á ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ara ló rẹ̀ yín.” Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọdébìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí òun dákẹ́, wá sọ fún wa ní yàrá àwòrán. A wá àwòrán àyà Màmá jáde. Ọjọ́ tí wọ́n fi rọ́bà sí i lára gan-an ni wọ́n ti yà á. Inú àpòòwé ló wà láti ọjọ́ náà. A gbé e sójú iná: rọ́bà gba apá wá dé abẹ́ èjìká, dípò kó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, ó yíjú sókè, ó gba inú ọrùn lọ, ẹnu rẹ̀ sì dojú kọ ìsàlẹ̀ etí. Ohun tí Màmá ń sọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Omi ń ró létí rẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ọ̀kan lọ: ọwọ́ ló ń ti rọ́bà, ojú ló mọ ibi tó dé.

Katítà ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Àwọn aláìsàn wa kì í fi ìyẹn dá ahọ́n ara wọn lágara, rọ́bà ni wọ́n ń pè é, rọ́bà náà ni èmi yóò sì máa wí. Ẹ má ṣe fi wé dírípù ẹ̀yìn ọwọ́ tí gbogbo wa mọ̀ o. Ìyẹn kò wọlé ju ìwọ̀n ìka lọ. Èyí gba ọrùn, tàbí abẹ́ egungun èjìká, tàbí apá, tí yóò fi dé etí ọkàn.

Oríṣi iṣan méjì ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Iṣan àlọ ń gbé e kúrò lọ́kàn, iṣan àbọ̀ ń dá a padà síbẹ̀. Rọ́bà tí mò ń wí, iṣan àbọ̀ ni ilé rẹ̀. Bí odò kéékèèké ṣe ń wọ odò ńlá, tí odò ńlá sì ń wọ ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni iṣan apá ń lọ bá iṣan ọrùn, ti ọ̀tún pàdé ti òsì, tí gbogbo wọn wá di iṣan ńlá kan ṣoṣo tó ń já láti òkè sínú ọkàn. Ìyá iṣan ni n ó pe èyí. Kò gùn rárá. Nínú àgbàlagbà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 ni, kò ju ìka ìfábẹ̀lá lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi lítà 2 ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan.

Nítorí lítà 2 yìí la ṣe ń yọ ara wa lẹ́nu. Ẹ bu ata gígún síbí kan sínú agolo omi, ẹni tó bá mu ún á sunkún. Ẹ bu ìwọ̀n kan náà sínú odò Ògùn, ẹja inú rẹ̀ kò ní mọ̀. Oògùn jẹjẹrẹ ń jó iṣan kékeré. Oúnjẹ olómi tí wọ́n ń fún ẹni tí ìfun rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ki jù fún iṣan apá. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ sì fẹ́ nǹkan bíi mílílítà 300 ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ kò ní ìyẹn láti fún un. Láti 1981 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fọ ẹ̀jẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó, ọ̀pọ̀ ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ náà ló jẹ́ pé rọ́bà ọrùn tàbí ti itan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu rọ́bà ni kókó, ibi tí omi ti ń jáde, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti ń wọlé. Ìsàlẹ̀ ìyá iṣan ló yẹ kó wà, ní ẹnubodè tó fi wọ ọkàn. Rọ́bà ìfọ̀jẹ̀ tí a fẹ́ kó pẹ́ lára lè wọ inú yàrá òkè ọkàn lápá ọ̀tún díẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá kúrú, oògùn á máa jó ògiri iṣan, ẹ̀jẹ̀ á máa dì yí i ká. Bí ó bá wọlé jù, ọkàn lè máa lù ségesège, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé ẹnu rọ́bà lu ògiri já tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ kún àpò tó yí ọkàn ká. Bí ó bá sì gba ọrùn lọ bíi ti Màmá, ọ̀nà orí ni oògùn ń dojú kọ.

Báwo ni rọ́bà ṣe ń ṣìnà nígbà tí ẹni tó fi í síbẹ̀ mọṣẹ́? Ẹni tó ti Ìbàdàn ń bọ̀ wá sí Èkó mọ ìyànà Ṣágámù. Bí ó bá ṣì í yà níbẹ̀ lóru, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọrẹ ló forí lé. Títì ń lọ geere (ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀), kò sí ẹni tó dá a dúró, inú rẹ̀ sì dùn pé ilẹ̀ ń tán lẹ́sẹ̀ òun. Kò sí ohun tó máa sọ fún un pé Èkó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ àfi pátákó. Iṣan náà ní ìyànà. Rọ́bà tó gba apá wá, tàbí abẹ́ egungun èjìká, yóò dé ibi tí iṣan ọrùn ti já lù ú: ìsàlẹ̀ ni ọkàn, òkè ni orí. Bó bá yà sókè, yóò máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ yóò máa fà jáde dáadáa, ọwọ́ dókítà kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í bá ẹnikẹ́ni jà pé rọ́bà ṣìnà. Èmi náà ti ṣìnà. Ẹni tí mò ń bá jà ni ẹni tí kò wo pátákó.

Ìyànà mìíràn tún wà tó burú ju ti ọrùn lọ, nítorí ó ń tan ojú pàápàá. Iṣan kan tí wọ́n ń pè ní azygos gba ẹ̀yìn wọ ìyá iṣan. Bí ẹnu rọ́bà bá ṣẹ́rí wọ inú rẹ̀, àwòrán tí a yà láti iwájú lè fi í hàn bí ẹni pé ó jókòó síbi tó yẹ. Ìgbà tí a bá yà á láti ẹ̀gbẹ́ la óò rí i pé ẹ̀yìn ló kọjú sí. Àwọn kan sì wà, bí ẹni 3 sí 5 nínú 1,000, tí Ọlọ́run dá ní ìyá iṣan méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí rọ́bà bá gba ti òsì lọ, àwòrán á dẹ́rù ba ọ̀dọ́mọdé dókítà, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà rọ́bà kò ṣìnà rárá, ara ẹni náà ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Eberswalde, tí kò jìnnà sí Berlin ní Jámánì, ní 1929, dókítà ọ̀dọ́ kan wà tó ń jẹ́ Werner Forssmann. Ó gbà pé a lè ti rọ́bà láti iṣan apá dé inú ọkàn láìpa ènìyàn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó má dán an wò. Forssmann lọ bá nọ́ọ̀sì tí irinṣẹ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀, Gerda Ditzen, ó fọ̀rọ̀ dídùn tù ú títí obìnrin náà fi ní kó kúkú ṣe é sí ara òun. Forssmann dè é mọ́ tábìlì, ó ṣe bí ẹni ń múra apá rẹ̀ sílẹ̀, àṣé apá ara rẹ̀ ló ti ń gún. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ ló tì bọ iṣan apá òsì rẹ̀. Nígbà tó tú nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ́ksíréè, rọ́bà ń bẹ nínú iṣan rẹ̀ bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí fẹ́ràn ìgboyà rẹ̀. Dígí ni èmi fẹ́ràn. Nọ́ọ̀sì gbé dígí síwájú Forssmann kí ó lè rí ojú ẹ̀rọ níbi tó dúró sí. Ó wò ó, ẹnu rọ́bà kò tíì dé. Ó tún tì í, ó tún wò ó, títí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65 fi wọlé tó sì rí ẹnu rẹ̀ nínú yàrá ọkàn lápá ọ̀tún. Ìgbà yẹn ló ní kí wọ́n ya àwòrán. Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni títì àti wíwò ti jọ ń rìn? Àwa tó dé lẹ́yìn la yà wọ́n.

Wọn kò gbé Forssmann gẹ̀gẹ̀ nígbà náà. Kò sì yẹ kí n sọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn ẹni mímọ́: ní 1932 ó wọ ẹgbẹ́ Nazi, ohun tó sì ṣe dáadáa nínú ìṣègùn kò pa ìyẹn rẹ́. Ní 1956 ni wọ́n fún òun, André Cournand àti Dickinson Richards ní ẹ̀bùn Nobel. Cournand àti Richards ló mú iṣẹ́ náà gbòòrò ní New York. Oníṣègùn ìtọ̀ ni Forssmann ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ ní Bad Kreuznach nígbà tí ìròyìn bá a.

Ẹnì kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ dárúkọ, nítorí láìsí ọgbọ́n rẹ̀ a kì bá lè dá rọ́bà kankan padà sọ́nà. Ní 1953, Sven-Ivar Seldinger, ará Sweden, fi ìlànà rírọrùn kan léde: gún iṣan ní abẹ́rẹ́, ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú abẹ́rẹ́, yọ abẹ́rẹ́, fi wáyà sílẹ̀, kí o wá ti rọ́bà gba orí wáyà wọlé. Wáyà ni ọ̀nà, rọ́bà ni ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣìnà, ọ̀nà la óò kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Màmá. Ọ̀gá mi kò sáré. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé e jókòó, kí wọ́n da omi iyọ̀ mílílítà 10 gba inú rọ́bà lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára. Rọ́bà apá tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọ̀. Nígbà mìíràn omi á já ẹnu rẹ̀ bọ́, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sísàlẹ̀. Ìgbà mìíràn ikọ́ tàbí mímí kanlẹ̀ á ràn án lọ́wọ́. A tún àwòrán yà. Kò kúrò lójú kan.

A gbé Màmá wọ yàrá tí ẹ̀rọ ẹ́ksíréè tó ń fi àwòrán rìn bíi sinimá wà. Gbogbo wa gbé agbádá òjé wọ̀ kí ìtànṣán má ba àwa tó ń ṣe é lójoojúmọ́ jẹ́. A fọ apá Màmá, a bò ó, a fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀. Ọ̀gá mi fa rọ́bà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, títí ẹnu rẹ̀ fi jáde nínú ọrùn tó sì dúró ní ìyànà. Ó fi oògùn tó máa ń dúdú lójú ẹ́ksíréè sí i díẹ̀, a sì rí odò náà bó ti pín: ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ti wáyà tí orí rẹ̀ tẹ̀ wọ inú rọ́bà, ó gbé e fún mi.

Mo tì í, ọrùn ló lọ. Mo fà á, mo yí i, mo tún tì í, ọrùn náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí lo agbára. Ọ̀gá mi dì mí lọ́wọ́ mú. “Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú ńkọ́?” Ó dúró kí n parí rẹ̀. Mo ní, “Kì í bàjẹ́, sà.” Ó ní, “Ó dáa. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ dá a dúró.” Nígbà tí èèyàn bá mí kanlẹ̀, àyà ń fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ wọ ọkàn, ìyànà náà sì ń nà díẹ̀. Mo fi ìka méjì yí wáyà, orí rẹ̀ yí sí ìsàlẹ̀, ó rọra yọ́ gba ìyá iṣan lọ. Mo tẹ̀ lé e gba yàrá ọkàn kọjá, títí ó fi wọ iṣan ńlá ìsàlẹ̀, lábẹ́ awọ tó pín àyà àti ikùn níyà. Wáyà tó bá dé ibẹ̀ yẹn, iṣan àbọ̀ ló wà, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Mo rò pé a ó wá ti rọ́bà náà padà wọlé. Ọ̀gá mi ní rárá. Apá rọ́bà tó ti wà níta ara, tí atẹ́gùn àti ọwọ́ àti aṣọ ibùsùn ti kàn, kò gbọdọ̀ wọ iṣan mọ́, àfi tí ẹ bá fẹ́ gbé kòkòrò àrùn dé ẹnu ọkàn. Fífà jáde ni a lè fa irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, a kì í tì í wọlé. A fi wáyà sílẹ̀ bí Seldinger ti kọ́ wa, a yọ rọ́bà àtijọ́, a gba orí wáyà náà ti tuntun wọlé, a sì dá ẹnu rẹ̀ dúró ní ẹnubodè ọkàn. A kò tún Màmá gún. Iṣan tí ó kù lára ẹni tó ń ṣàìsàn jẹjẹrẹ tàbí kíndìnrín, owó ìpamọ́ ni; gbogbo ìgbà tí a bá gún un lásán, a ń ná an. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì da omi iyọ̀ wọlé, gbogbo wa wo Màmá lójú. Ó ní, “Mi ò gbọ́ nǹkan kan.” Ó tún ní, “Ẹ ṣé tí ẹ wá gbà pé mo gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.”

Nígbà mìíràn wáyà kì í gbà. Rọ́bà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n rì mọ́ abẹ́ awọ àyà, tí ikọ́ tàbí èébì ti gbé ẹnu rẹ̀ yí padà, a kì í fẹ́ yọ irú rẹ̀. A ó gba iṣan ìsàlẹ̀ itan ti okùn ojóbó wọlé, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìrù ẹṣin, ojóbó rẹ̀ á ṣí nínú iṣan, a ó fi kó rọ́bà lọ́rùn bí ọdẹ ṣe ń kó ẹran, a ó sì fà á wálẹ̀ sí àyè rẹ̀. Iṣẹ́ tó dùn ún wò ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sí níbi gbogbo.

Ẹ̀rọ tó sún mọ́ wa jù ni skáànù, èyí tí wọ́n fi ń wo oyún. Ìtànṣán kò sí nínú rẹ̀, ó sì ṣe é gbé lọ bá aláìsàn ní ibùsùn. Kí dókítà tó ran rọ́bà mọ́ awọ, kó kọ́kọ́ gbé skáànù lé ọrùn: bí rọ́bà bá wà níbẹ̀, yóò hàn bí ìlà funfun méjì nínú iṣan dúdú. Kó wá gbé e lé àyà, kó da omi iyọ̀ tí ó ti mì pọ̀ wọlé. Bí ìfòfó funfun bá yọ nínú yàrá ọ̀tún ọkàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹnu rọ́bà sún mọ́ ilé. Bí ó bá pẹ́, tàbí tí kò yọ rárá, kó dúró, kó wádìí.

Ibì kan wà tí gbogbo ọgbọ́n wáyà tí mo ti ń kà kò ti bá a mu, ẹ̀yin dókítà kéékèèké, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Bí rọ́bà ńlá bá wọ iṣan àlọ dípò iṣan àbọ̀, ẹ má fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ iṣan àlọ máa ń pọ́n, ó sì máa ń tú pẹ̀lú agbára, ṣùgbọ́n nínú ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, àwọ̀ àti agbára ẹ̀jẹ̀ lè purọ́ fún yín. Ọwọ́ yóò fẹ́ fà á, nítorí ìtìjú. Bí ẹ bá fà á tí ẹ sì tẹ ọrùn mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dà sí ọrùn kó dí ọ̀nà èémí, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dídì lọ sí ọpọlọ kó rọ ẹni náà lápá lẹ́sẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ pe oníṣẹ́ abẹ iṣan. Ìtìjú kì í pa aláìsàn, ìkánjú ló ń pa á.

Wọ́n á ní owó ni ìṣòro wa. Owó jẹ́ ìṣòro, n kò jiyàn. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ mọ ohun tí rọ́bà kan tó ṣìnà ń ná òun: rọ́bà mìíràn, ọjọ́ mìíràn láìfọ ẹ̀jẹ̀, iṣan mìíràn tó lọ. Ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán rìn wọ́n, iná mànàmáná kò sì dúró. Ṣùgbọ́n àwòrán Màmá, wọ́n ti yà á. Owó rẹ̀ ti wọlé. Ohun tí kò sí ni ẹni tó wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ ilé ìwòsàn, ẹ fi ìlà kan kún fáìlì gbogbo aláìsàn tó bá ní rọ́bà lára: ta ló wo àwòrán, aago mélòó, níbo ni ẹnu rọ́bà wà. Kí nọ́ọ̀sì má so oògùn kankan mọ́ rọ́bà tí ìlà yẹn bá ṣófo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ló ní kó so ó. Ẹ̀yin ẹbí tó ń ṣètọ́jú, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wo àwòrán rọ́bà yìí?” Kì í ṣe àfojúdi.

Ẹ̀yin tí rọ́bà wà lára yín lónìí, bí omi bá ń ró létí yín, bí ọrùn tàbí apá bá ń wú, bí àyà bá ń lù kìkì nígbà tí oògùn ń wọlé, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí ó bá ní ara ló rẹ̀ yín, ẹ tún un sọ.